Bí Rélùwéè Kékeré Ṣe Lè Máa Sáré Nílé Yín ní Ìkòròdú Láì Yẹ̀ Lójú Irin

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Ẹnìkan ra rélùwéè kékeré tó ń lo iná, ó tò ó sílẹ̀ ní pálọ̀, àwọn ọmọ ń pariwo, rélùwéè yí po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti ń ta gẹ́gẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kọ́nà kan náà ló ti ń yẹ̀ lójú irin nígbà gbogbo. Kí oṣù tó parí, ó ti padà sínú páálí, páálí sì ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti bá a bẹ́ẹ̀ nílé àwọn ọ̀rẹ́ ní Ìgbógbó, mo bá a ní Ọ̀dọ̀gúnyàn, ó sì ti ṣe èmi náà rí.

Orí rélùwéè, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ń fa ìyókù, ni gbogbo wa máa ń dá lẹ́bi, a ó sì máa wá owó òmíràn. Ẹ má yára rà á. Nínú mẹ́wàá irú ẹjọ́ yìí tí mo bá yẹ̀ wò, ojú irin ni ẹ̀bi sábà máa ń wà: pákó tó tẹ̀, ibi ìsopọ̀ tí kò dọ́gba, irin tó dípẹtà, iná tí kò dé ẹ̀yìn. Ohun mìíràn tún wà. Ìlú wa níbí kò ní ojú irin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́ ohun tí a kò tíì fi ojú wa rí dáadáa, inú fọ́tò nìkan la ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtọ́sọ́nà yìí kì í fi í ṣe rírà. Wíwò ni.

Ohun tí ẹ ó wá sílẹ̀

Fún wíwò: káàdì Cowry (èyí tí a fi ń sanwó ọkọ̀ ní Èkó) tó ní owó nínú, ìwé kékeré, bírò, fóònù tó kún fún iná, omi mímu, fìlà.

Fún kíkọ́:
- páláíwúùdù kan, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, kó nípọn tó ìdajì íǹṣì, pẹ̀lú igi 2 sí 2 tí a ó fi ṣe férémù rẹ̀
- ojú irin HO (ìwọ̀n kan tí mo máa ṣàlàyé ní ìgbésẹ̀ 2): kọ́nà 12 àti gbọọrọ 10
- orí rélùwéè kan, kóòṣì méjì tàbí mẹ́ta
- bátìrì 12 fóòtì, irú èyí tó wà nínú fáànù olóbátìrì tàbí UPS, fíúùsì 2 áńpù, àti kọ̀ntírólà mọ́tò 12 fóòtì tó ní ibi tí a ti ń yí i síwájú àti sẹ́yìn
- wáyà pupa àti dúdú, léèdì àti irin tí a fi ń jó o
- òòfà kan, kódà kó jẹ́ èyí tí ẹ yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́
- téèpù ìwọnlẹ̀, aṣọ funfun tí kì í bọ́ irun, sípírítì láti ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì

Ẹ má ra èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí títí ẹ ó fi parí ìgbésẹ̀ 1 àti 2.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ lọ wo ojúlówó

Láti Ìkòròdú, ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń gbà. Èyí tó rọrùn jù ni BRT tó ń lọ sí TBS: ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Fádéyì, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Yábà, ibùdókọ̀ Red Line, ọ̀kan nínú rélùwéè méjì tó ń gbé èrò nínú ìlú Èkó, ti wà níbẹ̀. Èkejì ni ọkọ̀ Òṣòdì, nítorí Red Line ní ibùdókọ̀ lọ́hùn-ún náà. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gba àkókò: ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdó lọ sí Marina, kí ẹ sì wọ Blue Line, ìyẹn èkejì, níbẹ̀ lọ sí Mile 2. Rélùwéè yẹn gba orí omi kọjá kó tó dé Iganmu. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ mọ èyí tí ẹ ń wò, nítorí wọn kò jọra. Blue Line gùn ní kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún ló ní, iná mànàmáná ló sì ń lò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Red Line gùn ní kìlómítà 27 láti Oyingbo dé Agbádó, ibùdókọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, dísù ló ń jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ń gba ojú irin kan náà pẹ̀lú Red Line. Ẹni tó bá dúró sí Yábà tàbí Agége lè rí méjèèjì lọ́jọ́ kan.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń lọ láì mọ aago. Mo ti jókòó wákàtí méjì rí ní ibùdókọ̀ kan, tí mo ń wo irin lásán, ìgbà tí mo wá lọ ra gúgúrú ni rélùwéè kọjá. Àkókò rélùwéè máa ń yí padà, nítorí náà ẹ ya fọ́tò ìwé àkókò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì tún bi òṣìṣẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ dé ní ìṣẹ́jú 20 ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ẹ má yọ fóònù síta kí ẹ tó béèrè. Ẹ bá ọ̀gá tó wà lórí iṣẹ́, ẹ kí i bó ṣe yẹ: “Ẹ káàsán, ọ̀gá. Mo fẹ́ràn rélùwéè, mo ń kọ́ kékeré rẹ̀ nílé. Ṣé mo lè ya fọ́tò láti ibi tí èrò ń dúró sí yìí?” Bí ẹ bá ní fọ́tò èyí tí ẹ ń kọ́, ẹ fi hàn án. Mo ti rí i kí ojú tó le koko dẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí fọ́tò rélùwéè kékeré kan, ọ̀gá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi èyí tó ń bọ̀ àti èyí tó pẹ́. Bó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ fi ojú wò ó, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má gbé dúróònù lọ.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ̀yìn ìlà tí wọ́n kùn sórí pèpéle ni ẹ ó dúró sí. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ sójú irin nítorí pé ẹ fẹ́ fọ́tò tó dára, ẹ má sì bá àwọn tó ń fò ó kọjá fò ó. Rélùwéè kò lè dúró bíi dáńfó. Ìgbà tí ẹni tó ń wà á bá rí yín, ó ti pẹ́ jù. Ní Blue Line, irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì yòókù ló gbé iná mànàmáná. Kò ní ariwo. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kò ní rí àyè kígbe.

Nígbà tí rélùwéè bá ń bọ̀, ẹ tẹ́tí. Kí ẹ tó rí iná iwájú rẹ̀, irin á ti máa kọrin, ohùn tín-ín-rín bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ wọ́ etí abọ́. Lẹ́yìn náà ni pèpéle á mì lábẹ́ bàtà yín díẹ̀. Ẹ wo bí kóòṣì ṣe ń wọ kọ́nà: orí ń yà, kóòṣì ń tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ta gìrì. Ìrìn pẹ̀lẹ́ yẹn ni ẹ fẹ́ mú wálé.

Ẹ wo àárín kóòṣì Red Line pẹ̀lú. Talgo ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún, kí ìjọba Èkó tó rà á ní ọdún 2022. Kóòṣì rẹ̀ kúrú, nǹkan bíi mítà 13, ó sì ń lo táyà méjì péré láàárín kóòṣì kan àti èkejì, dípò kí kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó máa wúlò fún wa ní ìgbésẹ̀ 2.

Ẹ tún kọ́ bí a ṣe ń wọn nǹkan láì fọwọ́ kàn án. Àwọn kọnkéré gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ irin, èyí tí mo ń pè ní ìdábùú, jìnnà síra ní nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì. Ẹ ka iye àlàfo ìdábùú tó wà láàárín igi iná méjì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60. Àlàfo 50 jẹ́ mítà 30. Báyìí ni mo ṣe wọn gígùn pèpéle kan, láti orí ìjókòó mi.

Ẹ mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti yanjú bí ìwé yín bá ní nǹkan márùn-ún nínú: orúkọ ibùdókọ̀ kan tí ẹ fẹ́ràn, gígùn pèpéle rẹ̀, iye kóòṣì, àwọ̀ wọn, àti ohun mẹ́ta tó wà láyìíká tí kì í ṣe rélùwéè. Tèmi ni oníbúrẹ́dì Agége, ògiri tí wọ́n kọ “má tọ̀ síbí” sí, àti agboòrùn aláwọ̀ mèremère ti ìyá tó ń ta káàdì. Bí ìwé bá ṣófo, ẹ padà lọ.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan sí i, ẹ lọ sí Jaekel House ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Ilé ayé àtijọ́ ni, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ìwọ̀n, kí ẹ sì dín ìfẹ́ yín kù

HO ni mo gbà yín níyànjú láti lò. 1:87 ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan nílé dúró fún 87 lóde. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn fẹ̀ ní mílímítà 1,435 láàárín irin méjèèjì. Ẹ pín in sí 87, ó di 16.5, òun gan-an sì ni fífẹ̀ ojú irin HO. Ojú irin àtijọ́ tó wà ní Iddo fẹ̀ ní 1,067, ti kékeré rẹ̀ a máa jẹ́ 12. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń rà. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kéré gan-an lè lo N, tó jẹ́ 1:160 tí irin rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 9, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ọwọ́ ọmọdé, eruku sì tètè ń dá a dúró.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n fẹ́ kọ́ gbogbo ọ̀nà. Kìlómítà 157 ní ìwọ̀n HO jẹ́ kìlómítà 1.8. Ta ló ní pálọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀? Ibùdókọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́, èyí tó wà nínú ìwé yín.

Àṣìṣe kejì ni kóòṣì gígùn. Kọ́nà tó wọ́pọ̀ jù nínú HO ní ìlàjì òbírí (láti àárín gbùngbùn òbírí dé ojú irin) íǹṣì 18, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 45.7. Ó yẹ kí ìlàjì òbírí kọ́nà tó ìlọ́po méjì gígùn kóòṣì, ó kéré tán. Nítorí náà kóòṣì tó bá ju 22 sẹ̀ǹtímítà lọ máa bá yín jà lójoojúmọ́. Ibí ni Red Line ti gbà wá: mítà 13 pín sí 87 jẹ́ 15 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ra kóòṣì kúkúrú, kódà kó jẹ́ ti ọkọ̀ ẹrù, ẹ bọ́ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi páálí fúlẹ́fúlẹ́ kọ́ ara tuntun lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí. Mo ti fi páálí ìdìpọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ṣe méjì, wọ́n sì dára ju èyí tí mo rà lọ lójú mi.

Ìgbésẹ̀ 3: Pákó

Nígbà tí mo gbé páláíwúùdù lọ bá bàbá kápẹ́ńtà wa nítòsí Sábó, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó tẹ̀.” Wọ́n fi ọ̀pá ìka kàn án, wọ́n ní, “Ọmọ mi, pákó tí o rà láàárọ̀ tí o kàn lálẹ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa tẹ̀. Jẹ́ kó kọ́kọ́ bá ilé rẹ mọra ná.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀sà kò jìnnà sí wa, afẹ́fẹ́ wa tutù, igi ń mu ún. Ẹ gbé pákó àti igi 2 sí 2 sínú yàrá tí wọ́n máa wà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má fi wọ́n ti ògiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ kan férémù, kí igi ìdábùú sì wà lábẹ́ pákó ní 40 sẹ̀ǹtímítà síra. Ẹ kun ọ̀dà ọ́ìlì sí ojú méjèèjì àti etí rẹ̀ yípo. Àwọn tó ń kun òkè nìkan ló ń pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ á máa mu omi, òkè kò ní mu, pákó á sì wó bí àkàrà tí òróró rẹ̀ kò tó.

Ẹ má sún un mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Ọwọ́ kì í na ju 75 sẹ̀ǹtímítà lọ láì dà nǹkan nù, pákó yín sì fẹ̀ ju 120 lọ.

Láti mọ̀ pé ó tọ́: ẹ gbé kóòṣì kan sórí irin gbọọrọ kan, ẹ gbé irin náà kiri orí pákó, láti igun dé igun, kí ẹ tún yí i sí òdìkejì. Bí kóòṣì bá ń yí lọ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ dagẹ̀rẹ́. Ẹ fi páálí há ẹsẹ̀ tábìlì títí tó fi máa dúró jẹ́ẹ́ níbi gbogbo.

Ìgbésẹ̀ 4: Ojú irin

Ẹ̀ka yìí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ òòfà. Irin tí òòfà bá gbé jẹ́ irin lásán, ó máa dípẹtà nínú afẹ́fẹ́ wa láàárín oṣù díẹ̀. Èyí tí òòfà kò gbé tó sì ní àwọ̀ fàdákà ni ẹ ń wá. Nickel silver ni wọ́n ń kọ sí ara páálí rẹ̀. Èyí tó pọ́n bí idẹ náà kì í gbé òòfà, ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó máa nù ún lemọ́lemọ́.

Kọ́nà íǹṣì 18 kọ̀ọ̀kan jẹ́ igun dígírì 30, nítorí náà 12 ló pé òbírí. Ẹ to 6 sí apá kan, 6 sí apá kejì, gbọọrọ 5 sí òkè, 5 sí ìsàlẹ̀. Gbọọrọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 9. Gbogbo rẹ̀ máa wọ orí pákó 4 sí 8, etí á sì ṣẹ́kù láti fi ṣe ilé. Ẹ má jẹ́ kí irin sún mọ́ etí pákó ju 8 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí orí rélùwéè tó bá ti orí tábìlì já bọ́ kì í sábà jí.

Ẹ kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ láì kàn án. Bí ẹ bá ní láti fi agbára ti èyí tó kẹ́yìn kó tó wọlé, nǹkan kan kò tọ́ níbòmíràn. Ẹ tú u, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti yà. Ojú irin tí a fi agbára mú máa gbẹ̀san ní kọ́nà.

Ní ibi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èékánná ìka tọ́ka wọ́ orí irin, kí ẹ lọ jẹ́jẹ́ láti ọ̀tún sí òsì, kí ẹ tún padà. Ẹ di ojú yín. Bí èékánná bá kọ́, kódà bí ó bá kéré bí irun, táyà náà máa kọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ti yẹ̀. Ẹ wo bóyá irin ti gun orí ìsopọ̀ dípò kó wọ inú rẹ̀; nínú mẹ́ta, méjì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fà á yọ, ẹ ti i wọlé padà. Ní ìsopọ̀ gbọọrọ méjì lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àlàfo tó nípọn tó bébà méjì sílẹ̀, nítorí oòrùn oṣù kẹta lábẹ́ páànù máa ń mú irin gùn.

Nígbà tí ẹ bá ń kan ìṣó kéékèèké, ẹ dúró nígbà tí orí ìṣó bá kan ìdábùú. Bí ẹ bá gbá a wọlé tán, ìdábùú á tẹ̀ láàárín, irin méjèèjì á sún mọ́ra, táyà kò sì ní rí ibi wọ̀. Èmi kan mẹ́tàlá báyìí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì fi odidi ọjọ́ Sátidé yọ wọ́n.

Àyẹ̀wò: ẹ mú kóòṣì kan ṣoṣo, ẹ fi ìka kan tì í yípo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ tún fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá irin dọ́gba, ẹ wo gbọọrọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà ìbọn. Ibi tó bá wọ́ máa hàn. Bí kóòṣì tí kò ní ẹ́ńjìnnì bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tíì so iná.

Ìgbésẹ̀ 5: Iná

Rélùwéè kékeré àkọ́kọ́ tí mo ní, tokunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí wàhálà. Mo fi adáptọ̀ rẹ̀ sára ògiri. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, òórùn bí rọ́bà tó ń jó gba gbogbo yàrá, ó parí. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, tiwa jẹ́ 230. Ẹ ka ara adáptọ̀. Bí wọ́n bá kọ 100 sí 240 síbẹ̀, ẹ lò ó. Bí ó bá jẹ́ 110 tàbí 120 nìkan, ẹ má tì í bọ iná wa.

Nítorí bí iná ṣe ń ṣe ní àdúgbò wa, bátìrì 12 fóòtì ni mo ń lò. Kì í lọ kì í bọ̀, ẹ sì lè fi sólà gbá a. Báyìí ni ẹ ó ṣe so ó: láti ẹnu pupa bátìrì sí fíúùsì, láti fíúùsì sí kọ̀ntírólà, ẹnu dúdú lọ tààrà sí kọ̀ntírólà, láti kọ̀ntírólà, wáyà pupa sí irin òde, dúdú sí irin inú.

Fíúùsì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí síbí bá já lu irin méjèèjì, bátìrì máa tú gbogbo agbára rẹ̀ sínú wáyà yẹn, wáyà á sì pọ́n bí ẹ̀yinná. Ẹ fi fíúùsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an.

Ẹ má rò pé ibi kan ni iná ti máa dé gbogbo irin. Ìsopọ̀ ń dípẹtà. Ẹ jó wáyà pupa àti dúdú mọ́ irin ní mítà kan síra, lábẹ́ pákó, kí gbogbo wọn sì pàdé. Pupa sí òde nígbà gbogbo. Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ irin kí léèdì lè mú, kí ẹ sì yára gbé irin gbígbóná kúrò, nítorí ìdábùú rọ́bà ni.

Ìkìlọ̀ méjì. Bí wọ́n bá kọ DCC (irú tó ní èròjà kọ̀ǹpútà kékeré nínú) sára orí rélùwéè yín, ẹ má lo irú kọ̀ntírólà yìí fún un, ó lè ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Bákan náà, ẹ má ṣe ojú irin tó ń yà lọ tó sì ń padà pàdé ara rẹ̀ lójú kan náà. Irin pupa á bá dúdú, fíúùsì á já.

Ẹ gbé tẹ́sítà, ẹ ṣí kọ̀ntírólà dé ìdajì, ẹ wọn iná ní ibi mẹ́jọ yípo. Kí nọ́ńbà má yàtọ̀ síra.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìrìn àkọ́kọ́

Orí rélùwéè nìkan, láìní kóòṣì. Ẹ ṣí i jẹ́jẹ́ títí táyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ jẹ́ kó rìn ìṣẹ́jú 15 síwájú, kó dúró, 15 sẹ́yìn. Ẹ má yí i padà nígbà tó ń sáré lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni kóòṣì kan, kí ẹ tó fi èkejì kún un.

Eré sísá ló ń pa ọ̀pọ̀ rélùwéè nílé. Kìlómítà 60 ní wákàtí kan ní ìwọ̀n 1:87 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òbírí tí a tò yìí gùn tó mítà márùn-ún àti díẹ̀. Ẹ gbé fóònù, ẹ ka aago: ìyípo kan yẹ kó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 27. Bí tiyín bá parí rẹ̀ ní 8, ẹ ń sá ju kìlómítà 200 lọ, kò sì sí rélùwéè kankan lórí ojú irin Èkó tó ń sá bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bí èyí tí ẹ rí ní Yábà ṣe wọ kọ́nà.

Ìgbésẹ̀ 7: Òkúta, èrò àti búrẹ́dì

Ẹ wá eruku òkúta tó kù níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì. Ẹ jọ̀ ọ́ pẹ̀lú asẹ́ àkàmù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Àwọn kan ń lo yanrìn tí wọ́n wà láti ọ̀sà nítorí pé ó pọ̀ níbí. Kí ẹ tó lò ó, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà, ẹ fi òòfà wọ́ orí rẹ̀. Ẹ máa rí nǹkan dúdú tó máa dì mọ́ òòfà bí irùngbọ̀n. Irin ni. Bó bá wọ inú mọ́tò, mọ́tò ti tán. Ẹ tún un ṣe títí òòfà á fi jáde ní mímọ́.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tò ó sáàárín ìdábùú, kó má kan orí irin. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun ti kápẹ́ńtà mọ́ omi, ìdajì sí ìdajì, ẹ kán ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan sí i kó lè wọlé, ẹ fi síríǹjì kán an. Kó gbẹ títí di ọjọ́ kejì. Kí òkúta má wọ ibi ìsopọ̀.

Èrò tó ga ní mítà 1.74 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì gẹ́lẹ́. Dáńfó jẹ́ márùn-ún àti díẹ̀. Pẹ̀lú ìwọ̀n méjì yìí, ẹ lè fi páálí àti wáyà ṣe ohun gbogbo tí ẹ kọ sínú ìwé ní ìgbésẹ̀ 1. Kí ilé má sún mọ́ irin ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, mẹ́rin ní kọ́nà, nítorí ìdí kóòṣì máa ń yọ síta. Ẹ fi kóòṣì tó gùn jù wò ó kí ẹ tó lẹ ilé mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọyẹ́ àti òjò

Ẹ má fi sáńpépà nu orí irin láé. Ó ń fi ihò tín-ín-rín sílẹ̀ tí ìdọ̀tí ń sá sí. Aṣọ funfun àti sípírítì díẹ̀ ti tó. Kí ẹ ti pa iná, kí ẹ má sì ṣe é nítòsí àbẹ́là tàbí sítóòfù. Nígbà ọyẹ́, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Nígbà òjò, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ nu táyà náà: ẹ tẹ́ aṣọ tó tutù fún sípírítì sórí irin, kí ẹ gbé orí rélùwéè lé e, ẹsẹ̀ iwájú sórí aṣọ, tẹ̀yìn sórí irin, kí ẹ sì ṣí iná díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì àtijọ́ ni mo fi ń bo tèmi lálẹ́. Bí mo bá ṣí i láàárọ̀ tí rélùwéè kọ̀ láti rìn, mo kọ́kọ́ ń fi aṣọ funfun nu ibi kan ṣoṣo lórí irin, mo ń wo aṣọ náà. Bó bá dúdú, mo ti mọ iṣẹ́ mi nìyẹn.